“Kò rí bí o ṣe júwe rẹ̀”: ìdáhùn sí lẹ́tà àwọn tó ń ta owó àtijọ́ àti rẹ́kọ́ọ̀dù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí. Ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀rọ̀ ẹni tó ra ọjà tó sì ń bínú ni ọ̀pọ̀ wọn sì dá lé. Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ló gùn jù, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló bí èyí tó pọ̀ nínú ìyókù.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, òkun o. Mo ta ṣílè mẹ́jọ àti tọ́rọ́ mẹ́rin ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọkùnrin kan ní Ìbàdàn lórí Facebook. Inú àpótí ìyá bàbá mi ni mo ti rí wọn. Kí n tó ya fọ́tò, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mànà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé “ó mọ́, ó dà bíi tuntun.” Ó san ₦45,000, mo sì fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì Kábà. Ọjọ́ kejì tó gbà á ló pè mí pé mo ti ba owó náà jẹ́, kí n dá gbogbo owó òun padà. Ṣé ẹni tó fọ nǹkan kó lè mọ́ ló wá jẹ̀bi? *Ònkàwé kan, Kábà.*

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ti ọsàn wẹ́wẹ́ pamọ́ fún wa. Ẹni tó rà á ló jàre. Ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ lò ló ní ìtumọ̀ mìíràn létí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Lọ́dọ̀ tiwa nílé, ohun tó bá ń dán ni tuntun. Lọ́dọ̀ tiwọn, owó tuntun ni èyí tí kò tíì ná láti ọwọ́ kan dé èkejì rí, tí ojú rẹ̀ ṣì wà bó ṣe jáde lábẹ́ ẹ̀rọ tó rọ ọ́. Owó tó ti ná, tó ti dúdú díẹ̀ ní àwọ̀ ọjọ́, níye lórí lọ́dọ̀ wọn ju èyí tí wọ́n fọ̀ tó ń dán lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ásíìdì wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń jẹ ojú irin. Eérú ní tirẹ̀ ń ha á bí yanrìn kíkúnná. Àwọn méjèèjì ló ń bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè ara owó náà, awọ yẹn kì í sì í hù padà. Ọṣẹ ìfọyín, omi bátìrì tó ní ásíìdì àti kànìnkànìn onírin ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó rà á kò sì nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀. Yóò mú owó náà sábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo, yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀. Lójú owó tuntun tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yí káàkiri bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Lójú èyí tí wọ́n fọ̀, gbogbo rẹ̀ á tàn lẹ́ẹ̀kan náà bí abọ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Á rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó dorí kọ ọ̀nà kan náà níbi tí ọwọ́ yín gbà, á sì rí dúdú tó kù sínú lẹ́tà àti ní ìdí igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ṣílè, níbi tí eérú yín kò dé.

Ní báyìí, ẹ dá a lóhùn lónìí, kódà bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp tàbí Messenger, ẹ má fi orí ìpè nìkan sọ ọ́, torí ìpè kì í fi ìwé sílẹ̀. Ẹ ní kó fi fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn owó kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, kó ya páálí tó gbà náà, kó sì tọ́ka sí èyí tó ń bínú sí gan-an. Nínú owó méjìlá, ó lè jẹ́ pé méje ni wàhálà wà lára wọn. Bí àwọn tọ́rọ́ bá ti jẹrà tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ fọ̀ wọ́n, ó lè fẹ́ mú wọn mọ́ra.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀nà méjì lọ̀ ọ́ kó mú ọ̀kan. Yálà kó dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ dá ₦45,000 padà pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí yóò fi rán an, torí ọ̀dọ̀ yín ni àṣìṣe ti wá. Tàbí kó mú wọn, kí ẹ dín owó kù fún un. Bó bá yan èkejì, owó kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ jọ ṣírò. Ẹni tó bá sọ pé “dá ìdajì padà” láìṣírò lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn mìíràn. Kí ó kọ ọ́ ní kedere pé òun gba iye náà àti pé ọ̀rọ̀ parí, kí ẹ tó rán owó.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé “ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà” tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, gba ẹni tí kò láǹfààní àti yẹ ọjà wò kó tó dé ọwọ́ rẹ̀ láyè láti kọ̀ ọ́ láàárín àsìkò tó bójú mu. Ọjọ́ kejì bójú mu.

Ẹ má dá owó padà kí ẹrù tó dé. Bí ó bá dé gáréèjì, ẹ tan fídíò fóònù kí ẹ tó ya téèpù ara rẹ̀, ẹ má sì pa á títí ẹ ó fi ka owó méjèèjìlá tán lójú rẹ̀. Àkáǹtì tí owó ti wá gan-an ni kí ẹ dá a padà sí. Bó bá ní kí ẹ san án sí ti àbúrò òun, ẹ kọ̀. Ẹni tó ni àkáǹtì àkọ́kọ́ lè dìde lọ́la pé òun kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Ẹ ṣì lè ta àwọn owó náà. Ẹ kọ ọ́ pé “a ti fi ọsàn àti eérú fọ̀ wọ́n,” kí ẹ sì dín iye wọn kù. Àwọn kan wà tó kàn fẹ́ àwòrán ọba àti ọjọ́ orí owó, tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ ní ìtàn. Wọ́n á rà á.

Àwọn tó kù nínú àpótí ńkọ́? Ẹ má fọ̀ wọ́n. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára wọn, ẹ rẹ wọ́n sínú omi tí kò ní iyọ̀ kankan, irú èyí tí wọ́n ń bù kún bátìrì ọkọ̀ (omi lásán ni o, kì í ṣe ásíìdì), kí ẹ tẹ aṣọ rírọ̀ mọ́ ọn kó gbẹ, ẹ má nù ún. Bí ohun kan bá wà lára wọn tó ní àwọ̀ ewé, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn pamọ́ ló fà á. Ọ̀rá rírọ̀ inú álúbọ́ọ̀mù fọ́tò àtijọ́ máa ń tú kẹ́míkà sílẹ̀ bó bá pẹ́. Acetone gidi máa ń tú ìyẹn kúrò, kì í sì í fọwọ́ kan irin. Èyí tí wọ́n fi ń pa èékánná rẹ́ tó ní òórùn dídùn àti òróró nínú kò ní ṣe é. Ẹ jìnnà sí iná bí ẹ bá ń lò ó. Owó bébà ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ibi tó ti ká máa ń hàn bí wọ́n bá gbé e síwájú iná, ìtẹ̀ǹtẹ̀ tí ọwọ́ ń gbọ́ lára bébà tuntun á sì ti pẹlẹbẹ. Ẹni tó ra owó Biafra ti 1968 lọ́wọ́ yín yóò rí i kíá.

Ohun mẹ́ta péré ló yẹ kí ẹ kọ nígbà mìíràn yàtọ̀ sí ọdún: ohun tí wọ́n fi rọ ọ́, àmì ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, àti àbùkù rẹ̀. Ti irin ṣe kókó. Fàdákà ni ṣílè tó ní “British West Africa” lára láti 1913, ṣùgbọ́n ní 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo idẹ. Ẹni tó bá kọ “fàdákà” sára ṣílè aláwọ̀ ìyeyè ti wá ẹjọ́ sílé. H kékeré tàbí KN tó wà nítòsí ọdún ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ní Ìlú Ọba, iye tí wọ́n ń rà á sì lè yàtọ̀ nítorí rẹ̀, nítorí náà kí fọ́tò yín gbé e jáde. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, láàárọ̀ lẹ́nu fèrèsé, láìtan fíláàṣì. Fíláàṣì máa ń pa ìlà mọ́. Ẹ lè rò pé ó ń bá yín tajà, àmọ́ ohun tó pa mọ́ lára fọ́tò, ọwọ́ ẹni tó rà á ni yóò ti hàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí àwọn tó ń kọ̀wé sí wa máa ń béèrè: oníní, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò láàárín ti 1936 tó ní orúkọ Edward VIII. Òótọ́ ni pé ọba yẹn kò pẹ́ lórí oyè, ṣùgbọ́n àwọn owó náà pọ̀ nígboro. Ẹ má kọ “ó ṣọ̀wọ́n gan-an” sára wọn.

Ìbéèrè: Mo kó rẹ́kọ́ọ̀dù LP mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí Èkó. Mo kọ “VG+” síbẹ̀ torí mo rí i pé ohun tí àwọn mìíràn ń kọ nìyẹn. Ẹni tó rà á ní mẹ́ta ń fò, méjì ti tẹ̀, àpò ọ̀kan sì ti ya létí. Gbogbo wọn ló ń kọrin dáadáa lórí ṣénjà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù) bàbá wa kí n tó dì wọ́n. *Ònkàwé kan, Ìsánlú.*

Ìdáhùn: Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kàn yín, ẹ má sì dáhùn wọn pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó ń fò. Ẹ bi í léèrè ojú wo, orin ìkelòó, ibo nínú orin náà, àti bóyá ibi kan náà ló ti ń fò nígbà gbogbo. Bó bá jẹ́ ibi kan náà, ìdọ̀tí tàbí ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá ń fò káàkiri, ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò dúró pẹrẹsẹ tàbí kí apá rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ohun tí ẹ sọ nípa ṣénjà bàbá yín kì í ṣe ẹ̀rí tó lágbára tó bí ẹ ṣe rò. Apá ṣénjà àtijọ́ wúwo, ó máa ń fi agbára la ọgbẹ́ kọjá. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní kì í tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ju nǹkan bíi gíráàmù 1.5 sí 2.5 lọ, ọgbẹ́ tí tiyín gùn kọjá ni tirẹ̀ yóò ti ta. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ.

VG+ ńkọ́? Àwọn tó ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù ní àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń díwọ̀n bó ti dára tó, láti òkè wá sílẹ̀: Mint, Near Mint, VG+, VG (Very Good, “ó dára gan-an”), G+, G (Good, “ó dára”), títí dé Poor. VG+ ni èyí tó ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ tí etí kò gbọ́. VG ti ní ariwo nínú, pàápàá níbi tí orin ti rọlẹ̀, èékánná sì lè mọ ọgbẹ́ rẹ̀ lára. G kò “dára” rárá, orúkọ lásán ni. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń fò kì í ṣe VG+, bó ti wù kó rí. Bí fífò náà bá jẹ́ sí ibi kan náà, ẹ dá owó mẹ́ta yẹn padà. Bí ẹ kò bá gbọ́ gbogbo ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kọ ọ́ pé “ojú ni mo fi wò ó, mi ò gbọ́ ọ,” kí ẹ sì fi í sí ìpele kan nísàlẹ̀ bí ojú ti rí i.

Ti èyí tó tẹ̀ le díẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kí ooru tó 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni LP ti máa ń rọ̀. Búùtù ọkọ̀ tó dúró sí oòrùn ọ̀sán ní gáréèjì Lọ́kọ́ja lè sún mọ́ ọn, bí wọ́n bá sì gbé àpò gàrí lé e lórí, ó parí. Ẹ kò ṣe é, ẹni tó rà á náà kò ṣe é. Ní tiwa, bí ẹ kò bá ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ẹni tí ewu ọ̀nà wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ jọ pín in sí méjì. Kí ẹ sì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, gbólóhùn kan ló gbà.

Àpò tó ya jẹ́ tiyín pátápátá. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá wà nínú páálí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ju ẹrù, etí rẹ̀ ló ń gé páálí náà láti inú. Ẹ máa yọ ọ́ jáde, pẹ̀lú àpò bébà ti inú lára rẹ̀, kí ẹ fi í sẹ́yìn páálí olórin, kí ẹ kó méjèèjì sínú ọ̀rá kan. Ẹ gé páálí líle méjì tó fi ìka kan tóbi ju LP lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kí ìlà inú páálí kan dúró, kí ti èkejì dùbúlẹ̀, kí ó má bàa ká. Ẹ má di ju mẹ́wàá pọ̀, kí ẹ tò wọ́n ní ìdúró, kí ẹ kọ “má tẹ́ ẹ sílẹ̀, má gbé e sí oòrùn” sára rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ lẹ́nu pẹ̀lú, kí ẹ sì rán an lọ́kọ̀ ìdájí.

Bí ẹ bá fẹ́ nu èérí kúrò kí ẹ tó ta á: omi bátìrì tí kò ní ásíìdì, ọṣẹ abọ́ ẹ̀kán méjì nínú lítà kan, aṣọ rírọ̀ tó ń tẹ̀ lé ipa orin yíká, ẹ má gé ipa náà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí omi kan lébẹ̀lì. Bó bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wúwo, tó ń yí ní 78, tó sì ń fọ́ bí àwo, ẹ má fi spirit kàn án rárá. Shellac ni wọ́n fi ṣe é, ọtí inú spirit á sì yọ́ ojú rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo gba ṣílè padà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní kò dára, mo dá owó rẹ̀ padà kíá. Nígbà tó dé, kì í ṣe ṣílè mi. Kí ni mo lè ṣe? *Ònkàwé kan, Ẹ̀gbẹ̀.*

Ìdáhùn: Lórí èyí tó ti lọ, díẹ̀ ni. Ẹ kọ̀wé sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ fi fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí síra wọn, ẹ má ta èyí tó rán padà, ẹ má sì sọ ọ́ nù, torí òun ni ẹ̀rí tí ọlọ́pàá yóò béèrè.

Ọjọ́ mìíràn, ẹ wọn owó kí ó tó kúrò nílé. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta góòlù, òṣùwọ̀n wọn ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ṣílè onífàdákà tí kò jẹrà wọn nǹkan bíi gíráàmù 5.65, tiyín lè jẹ́ 5.41 nítorí pé ó ti ná púpọ̀, nọ́ńbà yẹn sì ṣòro fún ẹlòmíràn láti ba mu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìpolówó náà gan-an. Ẹ wá ọgbẹ́ kan lára rẹ̀, irú ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọba, kí ẹ ya ibẹ̀ nìkan ní fọ́tò tó sún mọ́ra. Ti owó bébà rọrùn jù: ₦20 tó kọ́kọ́ jáde ní 1977 ní nọ́ńbà lára, ẹ rí i pé nọ́ńbà yẹn hàn pátápátá.

Ìbéèrè: Aṣọ ìpò kan, aṣọ pupa ìsìnkú àgbà, wà nílé wa. Ẹnì kan lókè òkun fẹ́ rà á lórí fóònù, ó ní kí n júwe ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́ kí a má bàa jà níwájú. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? *Ònkàwé kan, ilẹ̀ Bùnú.*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Òfin tó de ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà mú iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918, ó sì mú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà bó bá ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà, tí wọ́n sì ti lò ó rí fún ayẹyẹ ìbílẹ̀. Aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àgbà bọ́ sínú èkejì yìí. Òfin náà kò jẹ́ kí ènìyàn tà á fún ẹni tí àjọ NCMM, tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò fún láṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jáde nílùú láìní ìwé àṣẹ wọn. Ọ̀rọ̀ kòkòrò kéré sí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀, torí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ kàn sí àjọ yẹn. Ṣílè àti tọ́rọ́ kò sí lára èyí o, Ìlú Ọba ni wọ́n ti rọ wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹni tó ra sísì lọ́wọ́ mi kò dá ẹrù padà. Ńṣe ló gbé orúkọ mi àti fọ́tò mi sórí Facebook pé olè ni mí, ó sì lọ fẹjọ́ sùn ní bánkì. Wọ́n ti dì mí lọ́wọ́, n kò lè gba owó jáde nínú àkáǹtì mi. *Ònkàwé kan, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.*

Ìdáhùn: Bánkì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ fi Facebook sílẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má pè lórí fóònù. Ẹ tẹ ohun wọ̀nyí sórí bébà: ìpolówó tí ẹ kọ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ láti orí ìdúnàádúrà dé orí ìjà, ìwé tí gáréèjì fún yín lọ́jọ́ tí ẹ rán ẹrù, àti ibi tó ti kọ ọ́ pé ẹrù dé ọwọ́ òun. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tí bánkì ń wò ni bóyá ẹ gba owó láìfún un ní nǹkan kan. Bó bá ti hàn pé ọjà dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní jìbìtì, ó di àríyànjiyàn lórí bí ọjà ṣe rí. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú lé e, kí ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ẹ ṣetán láti dá owó padà nígbà tí sísì bá dé. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí ẹ mú un lọ sílé.

Lórí Facebook, ẹ fèsì lẹ́ẹ̀kan péré lábẹ́ ohun tó gbé síbẹ̀: ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tí ẹ sọ pé kó dá a padà, àti pé ẹ ṣì ń dúró. Ẹ má bú u, ẹ má sì gbé nọ́ńbà fóònù tàbí àkáǹtì rẹ̀ síta. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà kó tó pa á rẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ènìyàn tó ti pín in.